Iṣan Tó Tínrín Kọ́ Ni Iṣan Tó Ya: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Kọ́ Láti Wo Inú Orí Èèyàn

Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyí. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò gbé ohùn, àti ẹ̀yin tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ohùn márùn-ún ni, a tò wọ́n tẹ̀léra.

Ohùn kìn-ín-ní

Ẹ̀yin tá a jọ wà ní Ekenwan Road níbí, ẹ̀yin ti Uselu, ẹ̀yin ti New Benin, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìwó àti Ẹdẹ, mo kí gbogbo yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé ìtàn ọ̀nà Ughoton la máa sọ lónìí. A máa débẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó jù ú lọ. Gbèsè ni. Èmi ádímìnì ni mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, púpọ̀ nínú yín sì bá mi dá sí i.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó mi tó ń ta ankara. Ó ti gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó lọ fọ irun rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wa obìnrin onídìrí, tó jẹ́ ọmọ gúrúùpù yìí nígbà náà. Ó gbé ọrùn lé básíà, ó fi orí sẹ́yìn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dì í. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Mo gbé e lọ sí ọsibítù kan. Dókítà bi í pé ǹjẹ́ nǹkan kan ṣe ọrùn ẹ láìpẹ́ yìí? Ó ní rárá. Dókítà tún bi í: ṣé o ò gbé ẹrù wúwo, ṣé o ò ṣubú, ṣé o ò lọ fọ irun? Ó ní, àfi irun.

Wọ́n ya síkáànù. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gba ẹ̀yìn ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tapá ọ̀tún, tínrín gan-an, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ya nínú. Ohun tí etí mi gbọ́ ni “ó ti ya”. “Ó ṣeé ṣe” tó wà níwájú ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá sórí gúrúùpù yìí. Mo ní onídìrí ti ya iṣan ọrùn àbúrò wa. Ẹ ò sùn lóru yẹn. Ẹnìkan ní kí wọ́n mú un lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹlòmíì ní ó pẹ́ tó ti fura sí i. Ní ọjọ́ kẹta obìnrin yẹn ta ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì tó ní, ó mú ₦150,000 wá sílé mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n gbà á fún owó oògùn. Mo gbà á. Ó jáde kúrò ní gúrúùpù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nínú wa.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni àgbà òṣìkà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí àṣìṣe wa ti wá, torí àwọn tó mọ̀wé jù wá lọ ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ohùn kejì

Páìpù ni mo ń tà, ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi páìpù ṣàlàyé.

Iṣan mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú ọrùn, ìwọ̀nyẹn lẹ máa ń fọwọ́ bà tó ń lù. Méjì wà lẹ́yìn. Àwọn méjì ẹ̀yìn yìí ń gba ojú ihò tó wà lára eegun ọrùn kọjá. Eegun ọrùn èèyàn jẹ́ 7, iṣan yìí sì ń gba inú ihò 6 tó wà lókè. Tí wọ́n bá wọnú orí tán, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan.

Iṣan kì í ṣe awọ kan ṣoṣo. Ó dà bíi họ́òsì olówó ńlá tó ní awọ nínú, awọ láàárín, àti awọ lóde. Tí awọ inú bá ya, ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ wọ àárín àwọn awọ náà, á máa wú níbẹ̀, á sì fún ọ̀nà tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì níbẹ̀ lè já lọ sínú ọpọlọ. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní dísẹ́kṣọ̀n nìyẹn. Kì í ṣe eré. Ó wà lára ohun tó ń fa àrùn ẹ̀gbà fún àwọn tí kò tíì tó ọmọ 50 ọdún.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ìtàn. Nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Galen, Gíríìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní Róòmù. Màlúù, àgùntàn, ọ̀bọ àti ẹranko mìíràn ló ń là láti fi kọ́ bí ara ṣe rí. Ó rí àwọ̀n iṣan kan tó díjú nísàlẹ̀ ọpọlọ ẹranko, ó wá sọ pé èèyàn náà ní i. Èèyàn ò ní i. Ṣùgbọ́n torí pé Galen ló sọ ọ́, wọ́n ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,300 ọdún. Ní 1521, Berengario da Carpi ní ilẹ̀ Ítálì sọ pé òun ti wá a tì lára èèyàn. Andreas Vesalius ya àwọ̀n yẹn sínú àwòrán tiẹ̀ ní 1538. Nígbà tó di 1543, ó jẹ́wọ́ pé kò sí i lára èèyàn rárá.

Ẹ ronú sí i. Ọkùnrin tó ya àwòrán ohun tí kò sí, torí pé ọ̀gá sọ pé ó wà. Lẹ́yìn ọdún 5 péré ló ko ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ jẹ ní gbangba, kò sì kú sí i.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Thomas Willis ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ lórí ọpọlọ jáde ní 1664. Christopher Wren, tó wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní London lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó yàwòrán fún un. Willis fi hàn pé àwọn iṣan mẹ́rin yẹn so pọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ bí òrùka, débi pé tí ọ̀kan bá dí, ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí iṣan iwájú ọrùn rẹ̀ lápá kan ti dí pátá, àìsàn mìíràn ló sì wá pa á. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀yìn ọrùn lápá kan náà ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń báa gbé ẹrù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Orúkọ Willis ni wọ́n fi ń pe òrùka yẹn dòní.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òrùka tó pé pérépéré bó ṣe wà nínú àwòrán, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe, àwọn tó ní i kì í tó ìdajì èèyàn. Ìka ọwọ́ ò dọ́gba, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Iṣan inú orí náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkan ní tínrín lápá ọ̀tún, ẹnìkan ò ní apá kan nínú òrùka rárá, ẹlòmíì ní iṣan tó pín sí méjì níbì kan tó tún padà pàdé bí odò tó yí erékùṣù ká. Wọ́n bí wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ń bímọ, wọn ò sì mọ̀.

Ohùn kẹta

Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ yìí, òkú nìkan ni wọ́n lè là wò. Báwo la ṣe wá ń rí iṣan ẹni tó wà láàyè? Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ughoton ti wọlé.

Títì tá a fi ṣọ́ọ̀bù sí yìí, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e kúrò nílùú, apá Ughoton àti Gelegele ló ń gbé yín lọ. Ughoton ni èbúté Bìní láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni àwọn Potogí gbà wá, João Afonso de Aveiro sì dé Bìní ní nǹkan bí 1486, wọ́n wá fi idẹ ra ata àti eyín erin, wọ́n sì ra ẹrú. Ìtàn yẹn gùn, mo ṣì jẹ yín ní i.

Nǹkan bí 440 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní Lisbon, olú ìlú àwọn Potogí kan náà, dókítà kan tó ń jẹ́ Egas Moniz ń wá bó ṣe máa rí inú orí ẹni tó wà láàyè. Wilhelm Röntgen ti rí ẹ́síréè ní ilẹ̀ Jámánì ní 1895, ṣùgbọ́n eegun ni ẹ́síréè ń fi hàn, iṣan ò hàn níbẹ̀. Moniz ronú pé tí òun bá fi oògùn tí ẹ́síréè ò lè là kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan á hàn bí igi tí kò léwé. Ó kọ́kọ́ kùnà, ẹnìkan tiẹ̀ kú nínú àwọn tó fi gbìyànjú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1927, ó bọ́ sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ayé rí iṣan inú orí ẹni tó ń mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìṣòro tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù ń fi òjìji hàn. Òjìji tínrín kan, kí ló fà á? Ṣé ọ̀nà ló fún ni, ṣé awọ ló ya, àbí bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn? Òjìji kì í dáhùn.

Ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù nínú ìyẹn kì í ṣe dókítà. Obìnrin ni, Dorcas Padget, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yàwòrán fún àwọn dókítà ní Johns Hopkins. Kò ka yunifásítì parí. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti ọmọ inú oyún lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, ó ń ya bí iṣan orí ṣe ń hù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Dókítà ń kà á dòní. Ohun tó fi hàn ni pé nínú oyún, iṣan pọ̀ ju èyí tá a nílò lọ. Àwọn kan á gbẹ, àwọn kan á tóbi, àwọn méjì á lẹ̀ di ẹyọ kan. Tí èyí tó yẹ kó gbẹ ò bá gbẹ, tàbí tí àwọn tó yẹ kó lẹ̀ ò bá lẹ̀ tán, á wà lára ọmọ náà títí ayé. Ẹyọ iṣan tí ìdajì ẹ̀ pín sí méjì yẹn, àìlẹ̀tán ni. Lórí fíìmù, ó lè jọ iṣan tí awọ inú ẹ̀ ti ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ̀nà méjì. Ojú kan náà ni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ̀rọ CT dé ní 1971. Godfrey Hounsfield ló ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé iṣẹ́ EMI tó ń ṣe àwo orin. Òun náà ò ní dígírì yunifásítì. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Johannesburg, Allan Cormack, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú, ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Cape Town ni ọ̀rọ̀ náà sì sọ sí i lọ́kàn. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ilẹ̀ Áfíríkà ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ẹ dá a lóhùn.

Ohùn kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí iṣan tó ya. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara òkú ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Ní 1978, dókítà kan tó ń jẹ́ C. Miller Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Boston kọ̀wé tó la ojú àwọn dókítà sí i pé ó ń ṣe àwọn tó wà láàyè, àti pé ó ní àmì lórí fíìmù. Bí àwọn dókítà ṣe mọ ohun tí wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí i. Ìyẹn dára, ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ejò nínú igbó, gbogbo okùn ló máa jọ ejò lójú ẹ̀.

Ní 1993, dókítà Michael Weintraub kọ̀wé nípa obìnrin 5 ní Amẹ́ríkà tí àmì àrùn ẹ̀gbà hàn lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n fọ irun ní sàlúùnù, tí wọ́n fi ọrùn sẹ́yìn lórí básíà. Látìgbà yẹn, dókítà tó bá mọṣẹ́ máa ń béèrè ọ̀rọ̀ irun. Ìdí tí dókítà fi bi àbúrò wa nìyẹn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwa la sọ ìbéèrè di ìdájọ́.

Ẹ ẹ̀ bá ní àwọn òyìnbó lẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2015, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ń pè ní CADISS, tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 46 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà. Èèyàn 250 ni, gbogbo wọn ni wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣan ọrùn rẹ̀ ya. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá aspirin àti àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ ló dára jù ni, àbí oògùn líle tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nínú oṣù 3 wọn ò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́, ènìyàn 4 péré ni àrùn ẹ̀gbà ṣe nínú 250. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn nìyí. Nígbà tí àwọn àgbà tó ń ka fíìmù tún jókòó wo gbogbo fíìmù náà, nínú àwọn 250 yẹn, 52 wà tí wọn ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé iṣan wọn ya rárá. 52! Nínú ọsibítù tí iná kì í lọ. Tó bá wá jẹ́ níbi tá a ti ń ya fíìmù kí jẹnẹrétọ̀ tó kú ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ gbọ́ tiyín. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó padà sílé ní 1962, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Òun àti Adelola Adeloye ń rí àwọn ọmọ ọwọ́ tí nǹkan rọ̀ wú sí wọn lórí àwùjẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ á sọ pé ọpọlọ ló ń yọ jáde, ẹ̀rù á sì ba gbogbo ilé. Àwọn méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n kọ̀wé rẹ̀ jáde ní 1971. Wọ́n fi hàn pé kì í ṣe ọpọlọ, àpò omi kékeré tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ni, kò wọnú orí, wọ́n sì lè yọ ọ́ kí ọmọ máa ṣeré lọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé àwọn dókítà. Odeku kú ní London ní 1974, kò pé ọmọ 50 ọdún.

Mo mọ̀ pé àpò orí kì í ṣe iṣan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: kí èèyàn dúró, kó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kó bi ara ẹ̀ pé, ṣé ìparun ni mò ń wò yìí, àbí bí wọ́n ṣe bí i nìyí?

Ohùn karùn-ún

Èyí ló kẹ́yìn.

Wọ́n fún àbúrò wa ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn gidi ni fún ẹni tó nílò ẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù ẹ̀ dé, kò dúró. Ọjọ́ 11 ló fi ń dà. Ojú ẹ̀ funfun, kò lè gòkè àtẹ̀gùn ilé wọn. Ìgbà yẹn la gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn. Wọ́n fún un lẹ́jẹ̀. Dókítà obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ka fíìmù ní ká mú fíìmù àkọ́kọ́ wá. A dúpẹ́ pé a ò tíì sọ ọ́ nù.

Ó pe èmi náà sídìí ẹ̀rọ. Kò wo iṣan rárá ní àkọ́kọ́. Eegun ló ń wò. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo ihò eegun ọrùn lápá òsì, ẹ wo tapá ọ̀tún.” Ihò apá ọ̀tún kéré, nǹkan bí ìdajì èkejì. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní páìpù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ti yé yín nìyẹn.”

Ó yé mi lóòótọ́. Tí birikìlà bá fẹ́ kí páìpù gba ara ògiri kọjá, ìwọ̀n páìpù ló máa fi lu ihò. Tí mo bá rí páìpù ààbọ̀ íńṣì nínú ihò íńṣì kan, màá béèrè pé páìpù wo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ló ṣe é? Ṣùgbọ́n tí páìpù ààbọ̀ íńṣì bá wà nínú ihò ààbọ̀ íńṣì, bí wọ́n ṣe kọ́lé náà nìyẹn. Nínú oyún, iṣan ló ń ṣáájú, eegun ń hù yí i ká. Iṣan tó tínrín látinú ìyá, ihò ẹ̀ náà á kéré. Iṣan tó ya ní Sátidé, ihò ẹ̀ ò lè súnkì kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ó tún fi nǹkan mìíràn hàn mí. Iṣan náà tínrín bákan náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì dán. Èyí tó ya sábà máa ń fún níbì kan, á tún wú níbòmíì. Ó ní ká ṣe MRI, torí ẹ̀rọ yẹn lè fi ẹ̀jẹ̀ tó há sáàárín awọ iṣan hàn, bí oṣù lẹ́ ṣe máa ń rí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 3 ó tún ya òmíràn. Iṣan tó ya sábà máa ń yí padà láàárín àsìkò yẹn, ó lè san, ó sì lè dí. Tàbúrò wa ò yí padà bí irun orí. Dókítà fúnra ẹ̀ ló dá oògùn náà dúró. Ọrùn tó ń ro ó? Ó ní iṣan ara tó ń gbé ẹrù bále ankara lójoojúmọ́ ni. Ó kọ́ ọ ní bó ṣe máa na ọrùn, ó ní kó gba alábàárù.

Dókítà yẹn ò bú ẹni àkọ́kọ́ o. Ó ní òun náà lè kọ “ó ṣeé ṣe” láàárín òru, torí tí ó bá jẹ́ òótọ́ tí wọn ò sì tọ́jú ẹ̀, àrùn ẹ̀gbà ló kù. Ó ní kí ẹ̀rù bani díẹ̀ sàn ju kéèyàn kú lọ. Ohun tó dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó padà wá béèrè.

Torí náà, ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí gbọ́ lórí nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí ọrùn apá kan bá ṣàdédé ń ro gidi, tí orí ń fọ́ ọ lọ́nà tí kò rí rí, tí ìpéǹpéjú kan wálẹ̀, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ má dúró de òwúrọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan fa ọrùn yín kó dún ká. Ní sàlúùnù, ẹ ní kí wọ́n fi táwẹ̀lì sábẹ́ ọrùn, kẹ́ ẹ má fi orí sẹ́yìn pẹ́. Tí dókítà bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró fúnra yín; dókítà ló fún yín, dókítà ni kó dá a dúró. Ẹ tọ́jú fíìmù yín àti CD ẹ̀, ẹ má fi ṣe ìdérí garawa. Tí ìwé bá sọ pé “ó ṣeé ṣe”, ẹ béèrè pé kí ló máa jẹ́ kó dájú, ṣé ẹlòmíì lè bá wa kà á?

Ní ti gbèsè. Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ìyàwó mi àti àbúrò ẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n wa onídìrí. A mú ₦150,000 rẹ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gba owó náà, kò kà á. Ó ní owó ọ̀hún kọ́ ló ń dun òun, ó ní nínú èèyàn tó lé ní igba tó wà ní gúrúùpù, kò sẹ́ni tó pe òun lórí fóònù láti bi òun pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ẹ̀ láti Ekenwan Road dín kù, kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé fún wọn ní èdè Bìní àti èdè Yorùbá pé òun ò pa ẹnikẹ́ni lára. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àbúrò ìyàwó mi ló jókòó sórí àga tó wà níwájú ẹ̀, ó tú gèlè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dì í.” Obìnrin yẹn sunkún kó tó mú ìyarun.

Mo ti fi líǹkì gúrúùpù ránṣẹ́ sí i. Kò tíì wọlé, ẹ má fi dandan mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ sí i lóru ọjọ́ yẹn, ẹ mọ ara yín, nọ́ńbà ẹ̀ ò yí padà. Ẹ pè é kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtàn Ughoton di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.

Ó dàárọ̀ o.